Ohun Tí Ẹ Ń Sọ fún Ewúrẹ́, Ẹ Sọ Ọ́ fún Ọmọ Mi

Mọ́mì mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Àníkẹ́ ọmọ mi, ẹ kú òjò tó ń ba ọ̀nà jẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Kàlàbá níbí. Bọ̀dá Délé, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi, ipò bàbá lẹ wà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Títí àbúrò mi, o kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Mo kí gbogbo ará Ìsọlọ̀-Ọ̀pin, nílé àti lẹ́yìn odi, tí ẹ ń ka lẹ́tà yìí lórí fóònù. Ojú ìwé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ni mo gbé e sí, mi ò ṣèèṣì. Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta lórí fóònù, ilé kò gbọ́. Bóyá bí ìlú bá bá mi kà á, ilé á gbọ́.

Mọ́mì, mo mọ̀ pé ẹ kì í ka nǹkan lójú fóònù. Títí ni kó kà á fún yín. Títí, kà á sókè, má fo ibì kankan, pàápàá jù lọ ibi tó bá ti kàn ọ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, Bọ̀dá Délé pè mí pé àwọn ti bá olóòlà kan sọ̀rọ̀, pé Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí ni yóò wá gé okùn abẹ́ ahọ́n ọmọ mi. Wọ́n ní Àníkẹ́ ti pé ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, kò tíì sọ̀rọ̀, okùn ló di ahọ́n rẹ̀ mú. Mo ní ta ló sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní gbogbo èèyàn ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní àwọn ta ni gbogbo èèyàn. Wọ́n ní èmi tí mo jókòó sí Kàlàbá tí mò ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá, kí ni mo mọ̀, àwọn tó wà nílé ló mọ ohun tí ojú wọn ń rí. Wọ́n ní ṣé mo fẹ́ kí ọmọ mi ya odi ni. Wọ́n tún fi kún un pé kí n má dààmú nípa owó olóòlà, àwọn á san án, bí ẹni pé owó ni mò ń rò.

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára. Lọ́jọ́ kejì, mo ka búrẹ́dì àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, èmi tí kì í ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ jẹ́ kí n là á mọ́lẹ̀ kí n tó máa ṣàlàyé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi abẹ kan ẹnu Àníkẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ kékeré kò pọ̀ tó ohun tí à ń fi dánra wò. Ahọ́n ọmọ mi kò ṣe nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe é, inú ilé wa ló wà, ojú ara mi ni mo sì fi rí i nígbà tí mo wálé fún ọdún Àjíǹde.

Ẹ rántí àárọ̀ Mọ́ńdè ọdún náà, Mọ́mì. Àgbàdo irúgbìn ni mò ń yín lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin ń bó ẹ̀gẹ́, Àníkẹ́ jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Alájẹkì, ewúrẹ́ yín, yọ láti ẹ̀yìn ilé ìdáná, ó ti ẹnu bọ inú ẹ̀gẹ́. Ibẹ̀ lẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní Alájẹkì, ojú rẹ kò rí koríko tó kún ìta, àfi ẹ̀gẹ́ tí mo fi ọwọ́ mi gbìn. Ẹ ní ìyá tó bí ọ kò ṣe báyìí, ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ tútù ni ìyá rẹ, ta lo wá fi jọ. Ẹ ní ṣé ìwọ lo bá mi ro oko ni, àbí ìwọ lo bá mi ru ugbá ẹ̀gẹ́ wálé. Ẹ ní ṣé o rí ọ̀bẹ ọwọ́ mi yìí, ó mọ ọ̀nà ilé Kérésì. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ewúrẹ́ náà dúró, ó ń gbọ́ yín bí ẹni tó wà nínú ìsìn.

Àníkẹ́ náà ń gbọ́. Ó dìde, ó di aṣọ yín mú, ó nawọ́ sí ewúrẹ́, ó wo ojú yín, ó ní “Ẹ̀n?” Ohun tó ń béèrè kò ṣòro. Kí lẹ̀ ń sọ fún un? Kí ló ṣe? Kí ni kí èmi náà pè é? Mò ń wò yín, Mọ́mì. Ẹ la ẹnu, ọ̀rọ̀ ti dé ètè yín, ẹ bá pa á dé. Ẹ ní “sídáùn.” Ọmọ náà padà lọ jókòó.

Ẹ̀rín kú mọ́ mi lẹ́nu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ mọ̀ mí, ohun tí kò bá yé mi, kíkà ni mo máa ń kà á. Mo gbé abọ́ méjì síwájú. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ fún ewúrẹ́ àti adìẹ, hóró àgbàdo kan lọ sínú abọ́ ọ̀tún. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá sọ fún ọmọ mi, hóró kan lọ sínú abọ́ òsì. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, igba hóró ó lé mọ́kànlá ló wà lọ́tùn-ún. Mọ́kàndínlógún ló wà lósì. Mo yẹ mọ́kàndínlógún náà wò, ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré ni, ẹ kàn ń tún wọn sọ ni. Kọ́ọ̀mù. Sídáùn. Ítì. Nóò. Sílíìpù. Báìbáì.

Mo wá ka ti ọmọ. Ọ̀rọ̀ tí Àníkẹ́ lè sọ jẹ́ mẹ́jọ. Mẹ́fà nínú rẹ̀ ni mẹ́fà yín yẹn gan-an, kò dín, kò lé. Ìkeje ni “kùkù” tí ẹ fi ń pe adìẹ. Ìkẹjọ ni “kúò” tí ẹ fi ń lé ewúrẹ́. Ẹ̀yin ará ilé, ṣé ẹ gbọ́ mi? Ọmọ tí ẹ ń pè ní odi ti jẹ gbogbo ohun tí ẹ gbé síwájú rẹ̀ tán, ó lá abọ́, ó sì tún lọ ṣa ìyókù nílẹ̀ lẹ́bàá ewúrẹ́. Kò ṣẹ́ ẹyọ kan kù. Ibo ni ti okùn ahọ́n wà nínú ìyẹn?

Síbẹ̀, mi ò fi ìmọ̀ ara mi nìkan ṣe é. Mo ní ohun tí mo kà jẹ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe etí, kì í ṣe ahọ́n. Ní ọjọ́ Túsìdè a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní Ọ̀sí, èmi, ẹ̀yin àti Títí. Nọ́ọ̀sì obìnrin tó wà níbẹ̀ kò kánjú. Ó dúró sẹ́yìn ọmọ náà, ó mi agolo mílíìkì tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀, Àníkẹ́ yíjú. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó pe orúkọ rẹ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ tún yíjú. Ó ní kó lọ gbé bàtà ìyá àgbà wá, ó gbé e wá, ó tiẹ̀ fẹ́ wọ̀ ọ́. Ó wá fi ṣúgà tín-ń-tín sí i ní òkè ètè. Ọmọ yọ ahọ́n, ó lá a mọ́ tónítóní. Nọ́ọ̀sì ní ahọ́n tó lọ tó bẹ́ẹ̀, okùn wo ló so ó. Lẹ́yìn náà ló béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lọ́wọ́ wa: láti àárọ̀ títí dalẹ́, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀? Mo wo yín. Ẹ wo Títí. Títí wo ilẹ̀.

Kí ó lè yé ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilé wa, òfin kan wà níbẹ̀. Àwọn iléèwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ń sọ fún òbí pé àwọn kò fẹ́ ọmọ tó ń sọ èdè ilé, òyìnbó nìkan ni kí wọ́n máa bá a sọ kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn. Títí, tó ń tọ́jú ọmọ níbi bẹ́ẹ̀, gbé òfin náà wálé. Ó ní kí Mọ́mì má bá Àníkẹ́ sọ Yorùbá rárá, kí wọ́n tiẹ̀ má dán ti Ọ̀pin wò, tí a ti ń pe ilé ní ulé, tí a ń pe iná ní uná, kí ọmọ má baà di ará oko. Ìyá wa kò gbọ́ òyìnbó. Ọ̀rọ̀ mẹ́fà ló ní. Ìyá tó jẹ́ pé òun ni wọ́n máa ń pè kó wá gba ìyàwó tuntun níyànjú, tó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà kó kí ẹni tó ń lọ oko títí onítọ̀hún á fi kọjá igi ọsàn, òun la fún ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà, tí a gbé ọmọ lé lọ́wọ́ pé kó fi tọ́ ọ. Bí ẹlòmíràn bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìyá wa, ṣé a kò ní bá a jà?

Mi ò sì ní fi Títí nìkan ṣe ọ̀daràn. Mo jẹ́wọ́ níwájú ìlú, èmi náà fọwọ́ sí i. Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀, Àníkẹ́ jẹ́ ọmọ ọdún kan àti oṣù kan. Mo ní Mọ́mì, ohun tí Títí bá ní kí ẹ ṣe lórí ọ̀rọ̀ èdè ni kí ẹ ṣe o, mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ọmọ mi ṣe yẹ̀yẹ́ bí wọ́n ṣe fi èmi ṣe nígbà tí mo wà ní Ìlọrin. Ẹ ní ó dáa. Ẹ sì pa ọ̀rọ̀ mi mọ́ bí ẹni tí wọ́n fún ní ohun ìpamọ́. Oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo sọ ọ́ di ọjọ́, ó tó irínwó ọjọ́ ó lé àádọ́ta, tí ìyá mi fi jókòó ti ọmọ mi tó ń gbé ọ̀rọ̀ mì. Inú tó ń bí mi sí ara mi lórí ìyẹn, ẹ má wulẹ̀ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀.

Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, nítorí ohun kan náà ṣẹlẹ̀ sí mi níbí. Òjò Kàlàbá kì í wo oṣù. Ó lè rọ̀ láti àárọ̀ Ajé títí dé Ọjọ́rú, aṣọ kì í gbẹ, ara ògiri máa ń hu ewú. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ilé búrẹ́dì yìí, kò sí ẹni tó gbọ́ èdè mi, èmi náà kò gbọ́ tiwọn. Ọ̀rọ̀ márùn-ún ni wọ́n ń bá mi sọ láti òwúrọ̀: gbé e, sọ̀ ọ́, yára, kúrò, ó tó. Oṣù mẹ́rin gbáko, ọ̀rọ̀ márùn-ún yẹn náà ni mo mọ̀. Ọ̀gá wa rò pé orí mi kò pé. Ó sọ fún àwọn yòókù pé kí wọ́n má fún mi ní iṣẹ́ kíkà, èmi tó jẹ́ pé bí búrẹ́dì kan bá dín nínú dọ́sìnnì, ojú mi ló máa kọ́kọ́ rí i. Mi ò lè sọ ọ́ ni. Mo máa ń dúró bí igi. Àwọn ọjọ́ kan wà tí mo padà sí yàrá mi láì fọhùn láti àárọ̀, tí mo bá wá ṣe “hẹ̀n”, ohùn ara mi á bà mí lẹ́rù.

Obìnrin àgbà kan tó ń po ìyẹ̀fun, Màmá Íìmà, ló yọ mí. Kò kọ́ mi bí tíṣà. Ó kàn ń sọ ohun tó ń ṣe ni. Bí ó bá gbé ìyẹ̀fun, ó dárúkọ ìyẹ̀fun. Bí ó bá da omi sí i, ó ní òun ń da omi sí i. Lẹ́yìn náà á dákẹ́, á máa wo ẹnu mi, kò ní kánjú. Bí mo bá ní omi, á ní omi gbígbóná. Bí mo bá ní gbígbóná, á ní ó gbóná jù. Bí mo bá sì ṣì í pè, kò ní rẹ́rìn-ín, á kàn tún un pè bó ṣe yẹ, á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, mò ń bá àwọn aláàárù jà lórí iye páálí. Ọ̀gá ní kí wọ́n má fún mi ní ìpalẹ̀mọ́ mọ́, kíkà ni kí n máa kà. Àgbà tó ti gbọ́n ni mí o, tó ti ní èdè kan lẹ́nu tẹ́lẹ̀. Ẹ wá wo ọmọ ọdún méjì tí kò ní èyíkéyìí.

Ohun tí nọ́ọ̀sì ti Ọ̀sí sọ fún wa kò yàtọ̀ sí ti Màmá Íìmà. Ó ní bí ẹ bá ń bó ẹ̀gẹ́, ẹ sọ fún un pé ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ń bó. Ẹ mú un, ẹ fi hàn án, ẹ dárúkọ rẹ̀, kí ẹ sì dúró dè é, kódà bí ohun tó sọ padà kò bá ju “ẹ̀ẹ̀” lọ. Bí ó bá sọ ẹyọ kan, ẹ fi ẹyọ kan lé e. Bí ó bá nawọ́ sí nǹkan, ẹ má kàn gbé e fún un bí odi ṣe ń gbé e fún odi, ẹ pe nǹkan náà. Ẹ kọ orin fún un, ẹ pa àtẹ́wọ́ sí i, ẹ fi àlọ́ kéékèèké tàn án. Mo béèrè pé èdè wo. Ó ní èdè tó bá kún inú ẹni tó ń bá a gbé. Ó ní òyìnbó á bá a níwájú, ọmọ lè gbọ́ èdè méjì láì fi ọ̀kan pa ìkejì, ṣùgbọ́n ọmọ tí kò bá gbọ́ ọ̀kan yanjú, kí ló fẹ́ gbé èkejì lé. Ó ní kí a ṣe é fún oṣù mẹ́ta, bí a kò bá rí ìyàtọ̀, òun á kọ ìwé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Ìlọrin kí wọ́n tún etí rẹ̀ yẹ̀ wò dáadáa. Kò dárúkọ abẹ.

Oṣù mẹ́ta jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kọjá. Mo bi Mọ́mì lórí fóònù pé báwo ni ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ, wọ́n rọra sọ fún mi pé Títí ní kí àwọn ṣì dúró ná, pé iléèwé á pe ọmọ fún ìdánwò ìwọlé lóṣù Kẹsàn-án, bí ó bá dé ibẹ̀ tó ń pe iná ní uná, wọn ò ní gbà á. Títí, ṣé o ń kà á? Kà á lọ. Ọmọ tí kò lè pe iná rárá, ní èdè ẹnikẹ́ni, ṣé wọ́n á gbà á? Iléèwé tó bá lé ọmọ padà nítorí pé ìyá ìyá rẹ̀ bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n lé e, owó mi á wà nínú àpò mi. O mọ ìwé jù mí lọ, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ tí o fi mọ ìwé? Ṣé kì í ṣe ẹnu ìyá yìí náà, lórí ẹní yìí náà, nígbà tí o ń jẹ ẹ̀kọ sí aṣọ?

Bọ̀dá Délé, ó kàn yín. Ẹ má bínú, ọ̀wọ̀ yín wà lọ́rùn mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ọmọ náà lẹ fi ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ẹ ra fóònù ńlá tó ń kọrin òyìnbó fún un, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri. Ó ń kọrin láti àárọ̀, Àníkẹ́ ń wò ó bí ẹni tó ń wo òjò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan tó ti gbọ́ níbẹ̀ hàn mí. Fóònù kì í dúró gbọ́ èsì, kò mọ̀ bóyá ẹni tó wà níwájú rẹ̀ sùn tàbí ó jí. Lẹ́yìn náà ẹ ra oògùn olómi lọ́wọ́ ọlọ́jà kan tó ní ó ń là á lóhùn. Lẹ́yìn náà ẹ gba omi tí wọ́n fi ṣan aago ìjọ wá fún un mu, èyí kò pa á lára, mi ò bá a jà. Ní báyìí ó ti kan abẹ. Gbogbo ohun tí wọ́n ń tà lẹ ti rà. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ohun kan ṣoṣo tí kò tíì gbówó lórí láti ọdún mẹ́ta yìí, òun lẹ fi sílẹ̀ lọ́jà. Èmi tí mo máa ń fi ẹsẹ̀ rìn kí n lè fi owó kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sílé, bí ìyẹn ṣe dùn mí tó, mi ò lè sọ ọ́ tán.

Mo fẹ́ rán yín létí ohun kan, Bọ̀dá. Lọ́jọ́ Àìkú yẹn, bí ẹ ṣe ń sọ fún mi lórí fóònù pé ọmọ kò lè sọ̀rọ̀, mo gbọ́ nǹkan lẹ́yìn yín. Mo dákẹ́ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló lọ, ẹ ń ṣe hẹ́lóò, hẹ́lóò. Ohùn ọmọ kékeré ni. Ó ní: “Ajẹ́kì, kúò ńbẹ̀!” Ó sọ ọ́ bí Mọ́mì ṣe máa ń sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ìbínú tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yí kúrò lára fóònù, ẹ kígbe pé kí ẹnì kan wá lé ọmọ yìí kúrò nídìí ewúrẹ́, ẹ sì padà wá bá mi sọ ọ̀rọ̀ olóòlà.

Bọ̀dá, ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Orúkọ ẹni tó ń bá wí, ohun tó fẹ́ kó ṣe, ibi tó fẹ́ kó ti kúrò. Odidi ọ̀rọ̀ ni, kò sí ibi tó kù. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Ó jí i gbọ́ ni, nígbà tí wọn kò bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń bá ewúrẹ́ sọ. Etí yín gbà á, ṣùgbọ́n ẹ kò kà á, nítorí pé kì í ṣe òyìnbó, kì í sì í ṣe ẹ̀yin ló bá wí. Ahọ́n tó sọ ìyẹn lẹ fẹ́ gbé abẹ sí.

Nítorí náà, kí olóòlà má dé ẹnu ọ̀nà wa ní Sátidé náà. Kí Bọ̀dá fúnra wọn lọ sọ fún un. Mo ti tọrọ ààyè lọ́dọ̀ ọ̀gá mi, owó ọkọ̀ Kàlàbá sí ilé sì ti wà lábẹ́ ẹní mi. Bí mo bá gbọ́ pé ó ń bọ̀, èmi náà ń bọ̀, a ó jọ pàdé níbẹ̀. Ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kù nínú ọ̀sẹ̀ méjìlá nọ́ọ̀sì. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a ó lọ sí Ìlọrin, èmi ni mo máa gbé e lọ, èmi ni mo máa san án.

Ẹ̀yin ìyá àgbà yòókù tí ẹ ń tọ́ ọmọ ọmọ yín fún àwa tí a wà lájò, ní Kóro, ní Ọ̀sí, ní Ìlọ́fà, ní Odò-Ọ̀wà, bí ọmọ yín bá fún yín ní irú òfin tí mo fún ìyá mi, ẹ bi í léèrè pé ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ náà lọ́rọ̀ kó tó dé. Bí kò bá rí èsì, ẹ má gbà á.

Mọ́mì mi, mo gba òfin mi padà. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín, mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin fún un. Ẹ bá a wí bí ẹ ṣe ń bá Alájẹkì wí. Ẹ sọ fún un pé ulé nìyí, uná nìyí, ó ń jóni o. Ẹ fi oríkì rẹ̀ kì í bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa kì ọmọ, ẹ sọ ọmọ ẹni tó jẹ́ fún un. Tó bá sọ ẹyọ kan, ẹ fi ẹyọ kan lé e.

Ohun ìkẹyìn tí mo fẹ́ tọrọ kò pọ̀. Ẹ mọ̀ pé èmi kì í fi owó ìpè ṣòfò, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo máa ń pè lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Láti ọ̀sẹ̀ yìí lọ, bí mo bá pè, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀. Mo ti ní ọ̀rọ̀ tó pọ̀ tó. Ẹ gbé fóònù kalẹ̀ sórí ẹní, ẹ máa bó ẹ̀gẹ́ yín lọ, kí ẹ máa bá ọmọ mi sọ̀rọ̀, kí n máa gbọ́ yín. Mi ò ní fọhùn. Mo máa wà níbí tí mò ń kà.

Kí Olúwa dá ẹ̀mí yín sí láti gbọ́ èsì ẹnu Àníkẹ́. Kí oko Bọ̀dá so, kí òjò rọ̀ ní ìwọ̀n fún wọn. Kí Títí rí ojú rere níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí inú má bí i sí mi pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ìyá ìjọ, ẹ kí nọ́ọ̀sì ti Ọ̀sí bí ẹnikẹ́ni bá kọjá níbẹ̀. Ẹ kí Alájẹkì náà. Ẹ sọ fún un pé mo dúpẹ́, òun nìkan ló jẹ́ kí ọmọ mi gbọ́ èdè ilé rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀